Rírọ̀ tàbí Líle? Ìtàn àwọn ọkọ̀ ọlọ́lá lójú ọ̀nà Banigbé

Ìtàn tí a gbé wá lónìí, inú ọkọ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ilé wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú òyìnbó wá sí Banigbé níbi ọdún tó kọjá, ó sì gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wọ̀lú. Ọkọ̀ náà dúdú, ó ń dán, ó sún mọ́ ilẹ̀, rímù rẹ̀ sì tóbi débi pé táyà tó yí i ká kò ju ìdè tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé wa sáré yí i ká, wọ́n ń ka orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà pé kí wọ́n lọ wo orúnkún ìyá ní Àjàṣẹ́. Wọn kò tíì kúrò lójú ọ̀nà amọ̀ pupa tí ìyá fi ní kí ó dúró. Ó ní, “Ọmọ mi, ọkọ̀ rẹ dára lójú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ni mo fi jókòó. Cinq-cent-quatre bàbá rẹ sàn fún ìdí mi ju èyí lọ.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín nígbà tí a gbọ́. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni a wá jókòó rò ó. Báwo ni ọkọ̀ tí wọ́n rà lówó gọbọi, tí àwọn ọlọ́gbọ́n Jámánì fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú sí, ṣe máa ṣe ìyá àgbà bí ẹni gun ẹṣin aláìní gàárì, nígbà tí ògbólógbòó ọkọ̀ Faransé tí wọ́n ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé ń gbé e bí ọmọ ọwọ́? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn, ìtàn náà sì kan àwa tí à ń gbé ẹ̀bá ẹnubodè yìí ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀. Gbogbo wa ló mọ òṣùká. Obìnrin tó ru garawa epo pupa láti oko wá sílé kò lè gbé e ka orí lásán. Òṣùká ni yóò kọ́kọ́ fi sórí. Òṣùká yìí ló ń gba ìnira ẹrù kí ó má baà dé egungun. Ṣùgbọ́n òṣùká nìkan kò tó. Bí garawa bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ọwọ́ kan máa ń gòkè lọ dì í mú kí epo má dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ rí. Sipiríngì ni òṣùká, òun ló ń ru ọkọ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa níhìn-ín ń pè é ní rẹsọ́ọ̀, nítorí ressort ni àwọn Faransé ń pè é. Ọwọ́ tó ń dá garawa dúró ni ṣọ́ọ̀kì, èyí tí àwa tí a kàwé lédè Faransé mọ̀ sí amortisseur. Sipiríngì láìsí ṣọ́ọ̀kì, ọkọ̀ á máa fò sókè fò sílẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ṣọ́ọ̀kì láìsí sipiríngì, kò sí ìsinmi kankan.

Bí sipiríngì bá rọ̀, ọkọ̀ á máa lọ sókè sódò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n yẹn sún mọ́ bí ara wa ṣe ń mì nígbà tí a bá ń rìn, ìdí nìyẹn tí kò fi ń rẹ ara. Bí ó bá le, ìmìtìtì náà á yára, á sì máa gún ẹ̀yìn àti ọrùn. Ẹnì kan lè wá bi wá pé, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni yóò fi ṣe ọkọ̀ líle? Ìdí rẹ̀ ni pé ọkọ̀ tó rọ̀ jù máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tó bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré, imú rẹ̀ a sì tẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá tẹ bíréèkì lójijì. Ẹni tó ń sá eré 200 kìlómítà ní wákàtí kan kò fẹ́ ọkọ̀ tó ń fì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ rírọ̀ àti líle kì í ṣe ọ̀rọ̀ dáadáa àti burúkú. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ fún ló ń sọ bí abẹ́ rẹ̀ yóò ṣe rí.

Àwọn Faransé ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ló kọ́kọ́ mú ọkọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe ojú ọ̀nà tó tẹ́jú nìkan ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ń ṣe ọkọ̀. Ní abúlé wọn, ọ̀nà olókùúta àti ọ̀nà oko pọ̀. Nígbà tí Pierre Boulanger, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Citroën, ń sọ irú ọkọ̀ tó fẹ́ kí wọ́n ṣe fún àwọn àgbẹ̀, ó ní kí ó lè gba inú oko tí wọ́n ti kọ ebè kọjá pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹyin, kí ẹyin kankan má sì fọ́. Ọkọ̀ yẹn ni 2CV tí wọ́n fi han gbogbo ayé ní 1948. Lẹ́yìn ọdún méje, ní 1955, ilé iṣẹ́ kan náà gbé DS jáde ní Paris. Èyí kò ní sipiríngì onírin rárá. Bọ́ọ̀lù irin tí gáàsì àti òróró wà nínú wọn ló ń ru ú. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Paul Magès ló ronú kan ọgbọ́n náà. Bí ẹrù bá wúwo, ọkọ̀ náà á gbé ara rẹ̀ padà sókè fúnra rẹ̀. Awakọ̀ sì lè fi ọwọ́ kan irin kékeré kí ọkọ̀ ga sí i bí ọ̀nà kò bá dára.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1962, àwọn kan lúgọ de Ààrẹ de Gaulle ní Petit-Clamart lẹ́bàá Paris, wọ́n yìnbọn sí DS tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fọ́ táyà. Ọkọ̀ náà kò dojú dé, awakọ̀ rẹ̀ sá a lọ tí ààrẹ àti ìyàwó rẹ̀ fi bọ́. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó lè sọ pé ọkọ̀ tó rọ̀ kò lè sá eré tàbí kò lè di ilẹ̀ mú.

Àmọ́ DS kọ́ ni ó di tiwa. Peugeot ni. Ọdún 1960 tí ilẹ̀ wa, Dahomey ìgbà náà, gba òmìnira, ọdún náà ni Peugeot 404 jáde. Ọkọ̀ yìí lọ sí eré ìje Safari ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí ẹrẹ̀, eruku àti kòtò ti ń fọ́ ọkọ̀ bí ẹni fọ́ ìkòkò, ó sì gbégbá orókè ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn bàbá wa fi gbẹ́kẹ̀ lé Peugeot, ibẹ̀ ni kí ó wò. Ọkọ̀ tó bá borí lójú ọ̀nà tó jọ tiwa ni wọ́n rà.

Ẹ wá jẹ́ kí a dúró díẹ̀ sórí ọdún 1968, nítorí ọdún yẹn ni ìtàn yìí pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọkọ̀ mẹ́ta ló jáde nínú rẹ̀ ní ilẹ̀ mẹ́ta.

Ní Jámánì, Mercedes gbé 300 SEL 6.3 jáde. Wọ́n mú ẹ́ńjìnnì ńlá tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ àwọn olórí ìlú, wọ́n kì í sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ onílẹ̀kùn mẹ́rin. Agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 250, eré rẹ̀ sì lè dé 220 kìlómítà ní wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka ọkọ̀ yìí sí bàbá àwọn ọkọ̀ ọlọ́lá tó ń sáré bí ọkọ̀ ìje. Ẹ sì fi ojú sí i: afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ru ú, kì í ṣe irin líle.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jaguar gbé XJ6 jáde. Wọ́n fi rọ́bà ya abẹ́ ọkọ̀ kúrò lára ilé ọkọ̀, kí ariwo àti ìmìtìtì má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó. Ọkọ̀ náà rọ̀ bí ibùsùn, síbẹ̀ ó ń gba kọ́nà dáadáa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni àwọn oníròyìn ọkọ̀ fi ń wọn àwọn yòókù.

Ní ilẹ̀ Faransé, Peugeot gbé 504 jáde, ó sì gba oyè ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù fún 1969. Kò ní agbára tí Mercedes yẹn ní, kò sì ní ọlá Jaguar. Ohun tó ní ni sipiríngì gígùn tó rọ̀, tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi lè wọ kòtò kí ó sì jáde kí ilé ọkọ̀ tó mọ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì alágbára tí Peugeot ń ṣe fúnra rẹ̀. Èyí onílẹ̀kùn mẹ́rin tí kì í ṣe ti akérò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń dá rìn, kòtò tí ọ̀tún bọ́ sí kò kan òsì. Ìwọ̀nyí ni ìyá wa ń rántí láì mọ orúkọ wọn. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná ní Nàìjíríà, ọdún kan náà tí Dahomey yí orúkọ padà sí Benin. Láti ìgbà náà, 504 di ọkọ̀ tí ìhín ààlà àti ọ̀hún jọ mọ̀. Èyí tó gùn, tó ní ìjókòó mẹ́ta, ló di taxi wa. Ilé iṣẹ́ ní èèyàn méje ni kí ó gbé, ẹ̀yin náà mọ iye tí a máa ń kó sí i.

Lẹ́yìn 1968, àwọn ará Jámánì tẹ̀ sí ọ̀nà eré. Ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà márosẹ̀ wọn, kò sí ìwọ̀n tí òfin fi dé eré. Ní 1982, Mercedes gbé 190 jáde, èyí tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà sọ ní Baby Benz. Ọ̀pá márùn-ún ló di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú, kí táyà lè tẹ́ sílẹ̀ dáadáa nígbàkigbà. Ní 1985, BMW fi M5 han ayé, ó ní agbára ẹṣin 286, abẹ́ rẹ̀ sì le ju ti 5 Series lásán lọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti di àṣà pé bí ọkọ̀ ọlọ́lá bá fẹ́ pe ara rẹ̀ ní ọkọ̀ eré, ó ní láti sún mọ́ ilẹ̀, kí ó sì le.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, rímù ń tóbi, táyà ń tín-ín-rín. Níbi yìí ni a ti fẹ́ kí ẹ fọkàn bá wa lọ, nítorí táyà ni sipiríngì àkọ́kọ́. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára táyà. Bí wọ́n bá kọ 255/35 R19, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 255, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ó jẹ́ bíi mílímítà 89. Táyà 175 lórí rímù 14, irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ 504, ìdá 80 ni ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ tó, ìyẹn mílímítà 140. Nítorí náà, roba àti afẹ́fẹ́ tó wà láàárín kòtò àti irin ọkọ̀ àtijọ́ ga ju ti òde òní lọ pẹ̀lú ìka ọwọ́ mẹ́ta. Lójú ọ̀dà Munich, ìyàtọ̀ yẹn kì í dun ẹnikẹ́ni. Lójú ọ̀nà amọ̀ tí òjò ti wọ́ lójú, òun ló ń fọ́ rímù, òun náà ló ń dun ìyá ní ìdí.

Àwọn ọlọ́gbọ́n wọn náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí Mercedes fi dá afẹ́fẹ́ padà sábẹ́ S-Class ní 1998, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì fi bọ́tìnì sínú ọkọ̀ báyìí: tẹ ibi kan, ṣọ́ọ̀kì á rọ̀, tẹ ibòmíràn, á le. Ọgbọ́n DS àtijọ́ ni wọ́n tún ń wá. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì kò lè fi kún gíga táyà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀ ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Tí àpò afẹ́fẹ́ náà bá sì jò, kì í ṣe iṣẹ́ tí mẹkáníìkì abẹ́ igi lè fi òòlù ṣe.

Báwo wá ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Èbúté Kútọnu ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ tokunbọ ti ń sọ̀ níbẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń kọjá sí Nàìjíríà, àwọn kan gba Kraké, àwọn kan gba Igolo tiwa níhìn-ín bọ́ sí Ìdírókò. Ààlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, tó pín Ìfọ̀nyìn sí méjì, ló di ọjà ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló kọ́ ọkọ̀ wíwà láti ibi gbígbé ọkọ̀ kọjá, wọ́n sì mọ Jaguar àti BMW kí wọ́n tó ní kẹ̀kẹ́ tiwọn. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017, Nàìjíríà fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n tún ti ẹnubodè pa. Ọjà náà rọ. Díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ì bá kọjá lọ sójú ọ̀dà Èkó dúró ti àwa, ojú ọ̀nà amọ̀ sì ni wọ́n ti ń rìn báyìí.

Ọ̀nà kejì tí líle fi wọ ìlú wa, ẹ má jẹ́ kí a fi pamọ́, fàyàwọ́ ni. Àwọn tó ń gbé kpayo, bẹntiróòlù tó ń ti Nàìjíríà wá, máa ń fi sipiríngì kún ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ẹrù má baà tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá kún, ó rìn dáadáa. Bí ó bá ṣófo, ìdí rẹ̀ á ga bí ti kòkòrò tó fẹ́ ta èèyàn, á sì máa fò. Líle tiwọn kì í ṣe ti eré, ti ẹrù ni. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo wọ́n, iṣẹ́ náà sì dínkù. A ti rí nínú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó padà sẹ́nu gbígbé èrò, tí ẹnikẹ́ni kò sì yọ sipiríngì tí wọ́n fi kún un. Inú irú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń gbé aláboyún lọ bímọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ fàájì nìyẹn. Ìtura nínú ọkọ̀ kì í ṣe ti olówó nìkan. Ẹni tí ara ń ro ló nílò rẹ̀ jù.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó yẹ ni ló yẹ ni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ọkọ̀ tó wù ú. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé kí a kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà kí a tó béèrè ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kí ó ka nọ́ńbà táyà, kí ó wo bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ga tó. Kí ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí ó sì fi í sílẹ̀: bí ó bá gòkè tó sì dúró, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà láàyè, bí ó bá ń fò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti kú. Kí ẹnikẹ́ni má gé sipiríngì kí ọkọ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀ bí ti orí fídíò. Ẹ̀yin onítaxi wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ sipiríngì ẹrù kúrò kí ẹ tó gbé èèyàn.

Ọmọ ilé wa yẹn gbọ́ràn. Kò ta ọkọ̀ rẹ̀. Ó wá rímù tó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, èyí tó bá ọkọ̀ náà mu, ó fi táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga sí i, ó sì ń rọra lọ. Nígbà tí wọ́n tún gbé ìyá lọ sí Àjàṣẹ́, a bi í bí ìrìn àjò ti rí. Ó ní òun kò mọ̀, òun ti sùn lọ kí àwọn tó débẹ̀.

Ẹ̀yin tí bàbá yín ní 404 tàbí 504, tàbí tí ẹ wà á fúnra yín láti Igolo dé Kútọnu, ẹ sọ fún wa ní ìsàlẹ̀ yìí bí ó ti rí. A fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé wa kà á.